Ìborùn Olójú Méjì Lórí Pósí Bàbá Mi

Glenys ìyàwó Clive àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, lórí fóònù, ní àárọ̀ àná tí í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, "Gaynor, má bínú o, ìborùn tí Clive mú lọ fún asìnkú..." Ẹni tó bá fi "má bínú" la ẹnu, ó ti mọ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ á bí ènìyàn nínú. Mo ní kí ló ṣe ìborùn. Ó ní, "Kì í ṣe èyí tó o hun. Olójú méjì ni, àwọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì."

Olójú méjì. Lórí pósí bàbá mi.

Mo gbé omi kaná, mo da omi gbígbóná sínú ife, mo ń mu ún lọ kí n tó rí i pé n kò fi tíì sí i. Ìdí tábìlì nínú ilé ìdáná bàbá mi ni mo jókòó sí, ní Newton Heath níbí, níbi tí wọ́n ti bí i, níbi tó ti kú. Aago mọ́kànlá ti lù. Pilling asìnkú ní òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi kó tó di ọ̀sán. "Mádáàmù, ìborùn méjì ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, pósí kan ṣoṣo ló sì wà. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Èyí tí ẹ bá ní kí n tẹ́ ni màá tẹ́." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló tún wá ń dà mí láàmú? Kí n kàn gbé fóònù, kí n ní ti èmi ni, kó da ìdọ̀tí ti Clive nù...

N kò tíì gbé e.

Ìlú yìí kì í sin irú bàbá mi lásán. Bí ọkọ̀ òkú bá ń gba àdúgbò kọjá, àwọn ọkùnrin á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á ṣí fìlà. Orí pósí ni ojú wọn á kọ́kọ́ lọ. Wọn kò ní wá orúkọ. Àwọ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á rí pupa lápá kan, wọ́n á rí funfun àwọn ará Swansea ní Wales lápá kejì, wọ́n á pa ẹnu mọ́ nítorí òkú. Àmọ́ tó bá di inú ilé ọtí... mo ti ń gbọ́ wọn. "Ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n tẹ́ lé Wilf? Àṣé àlejò ni Wilf láàárín wa!" Ẹ̀rín á sọ. Ọkùnrin tó dúró nínú òjò wo ẹgbẹ́ kan ṣoṣo láti kékeré. Wilfred Entwistle. Àlejò.

Ta ló ń ra irú ìborùn bẹ́ẹ̀? Ìdajì àwọ̀ wa, ìdajì àwọ̀ àwọn tó wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù, déètì ọjọ́ náà láàárín bí ojú àpá. Àwọn tó ń rà á ni àwọn tó wá wo pápá wa bí ẹni wá wo ọgbà ẹranko. Wọ́n á ya fọ́tò níwájú ère. Wọ́n á ra ife, wọ́n á ra ìborùn, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn pé èwo ni tiwa nínú àwọn tó ń sáré yìí. Bó bá ku díẹ̀ kí eré parí, wọ́n ti dìde, wọ́n ń wá ọkọ̀. Ẹni tó wé ti ẹgbẹ́ méjèèjì mọ́ ọrùn, ó dà bí ẹni tó dúró níbi tí wọ́n ti ń lu bàbá rẹ̀, tó ń pàtẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀, tó tún ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń lù ú.

Ṣìọ̀.

Clive ni irú rẹ̀ yẹ. Clive! Ní ọdún 1974 tí ẹgbẹ́ wa já sí ìpele kejì, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Clive, ó sunkún wọ yàrá, nígbà tó jáde ó ní òun ti di ti Leeds, àwọn ọ̀tá wa. Leeds! Ó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo wọn ló ti gbàgbé, wọ́n ní ọmọdé ni. Èmi kò gbàgbé. Ọdún yẹn gan-an ni èmi ní tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé bàbá mi lọ sí pápá, nígbà tí ẹgbẹ́ burú jù, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní kí ọmọbìnrin wá. Mo dúró lápá òsì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún pápá ṣe tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn jókòó, mo jókòó lápá òsì rẹ̀.

Clive yìí kan náà ló tún fẹ́ kí àlùfáà sọ ìtàn ajá lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìtàn ajá, ẹ gbà mí. Àǹtí Hilda ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ní ọjọ́ Kérésì ọdún 1968, lẹ́yìn tó ti mu ọtí jíǹ rẹ̀ kẹta. Ohun tí gbogbo ayé gbọ́ ni pé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, nígbà tí gbèsè fẹ́ pa ẹgbẹ́, wọ́n ṣe bàsá láti fi kó owó jọ, balógun àwọn agbábọ́ọ̀lù so àpótí mọ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn kó máa fi gba owó kiri. Ajá sọnù. Wọ́n rí i he, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dé etí olówó kan tó ń pọn bíà. Báyìí ni olówó náà ṣe gbọ́ nípa ẹgbẹ́, tó yọ ọ́ nínú gbèsè, tí ẹgbẹ́ fi gba orúkọ tuntun, tó fi wọ pupa. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Bóyá ayé ti fi iyọ̀ sí i. Àmọ́ Hilda kò jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ó ní Ezra, bàbá bàbá bàbá wa, ló rí ajá náà he!

Ezra wo? Ìlú Accrington ni Ezra wà tó ń kun fèrèsé nígbà yẹn. Ọdún 1906 ló kó dé Newton Heath. Ajá ti kú. Ajá tí Ezra kò fojú rí ni ìdílé wa fi ń yangàn láti ìgbà náà, tí Clive ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, tó ń fọwọ́ ṣe bí ajá náà ṣe ga tó. "Ó tó báyìí, ó tó ọmọ màlúù!"

Bẹ́ẹ̀ òótọ́ wà nílẹ̀ tó tó yangàn. Ní ọdún 1878, àwọn tó ń kan kọ́ọ̀ṣì tí èrò ń wọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin níbí, lẹ́yìn ilé wa yìí gan-an, ni wọ́n kó ara wọn jọ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù. Pápá wọn le bí òkúta lápá kan, ó jẹ́ ẹrẹ̀ lápá kejì. Inú ilé ọtí ni wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á wá fẹsẹ̀ rìn lọ sí pápá, èéfín ọkọ̀ ojú irin á sì bo eré mọ́lẹ̀ tí ènìyàn kò fi ní rí bọ́ọ̀lù. Kò sí olówó. Kò sí ère. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà ni wọ́n wọ̀. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi, bí a ṣe ń kọjá lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, níbi tí òun náà ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọ̀ ewé àti wúrà ni mo hun fún un. Òun ni mo mú lọ fún Pilling. Ìborùn tó mọ ibi tí a ti wá.

Òun ni màá ní kí wọ́n tẹ́. Òun náà ni. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Àbí... kí ló dé tí ọwọ́ mi kò kúrò lórí tábìlì?

Kí n tò ó bó ṣe yẹ. Ọdún 2005, oṣù karùn-ún. Wọ́n ta ẹgbẹ́ fún àwọn olówó òkè òkun, wọ́n sì gbé gbèsè tí wọ́n jẹ láti fi rà á lé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lórí, bí ẹni ra màlúù tó ní kí màlúù lọ san owó ara rẹ̀. Tábìlì yìí náà ni. Bàbá mi jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́." A mú tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún jáde, tiẹ̀ àti tèmi. A fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́ sínú àwo. Clive kò gé tiẹ̀. Clive ní, "Mo ti san owó ti ọdún tó ń bọ̀, ọmọ ilé wa." Ọmọ ilé wa! Bí wọ́n ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò níbí nìyẹn, àmọ́ ọjọ́ yẹn, eegun ni ó jẹ́ lọ́fun mi. Clive ń lọ, àwa kò lọ. Bó ṣe rí nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún. Bí eré bá wà, mo ń nu fèrèsé. Bí àwọn ènìyàn bá ń kọrin bọ̀ láti ibùdókọ̀, mo ń ti fèrèsé tí mo nù. Ìlérí bàbá mi ni, mo sì pa á mọ́ fún un.

Àná lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀ fún Glenys, kò pẹ́ tí Clive fúnra rẹ̀ fi dé. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, òjò ń kán lára kóòtù rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

"Ọmọ ilé wa, Dádì ló rà á."

"Dádì wo?"

"Dádì mélòó la ní?"

Mo ní kó má fi òkú purọ́. Ó ní kí n wo déètì tó wà lára rẹ̀. Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, ọdún 2013. Ọjọ́ tí kóòṣì àgbà ń dágbére fún pápá, lẹ́yìn tó ti lo ọdún tó ju márùndínlọ́gbọ̀n lọ. "Ó ní òun fẹ́ fojú kan ọkùnrin náà kó tó lọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

Clive wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ni ó pè é nígbà yẹn."

Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ń bá Clive lọ sí pápá, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ láti gun àtẹ̀gùn. Ọdún lórí ọdún! Nígbà tó ń sọ pé òun ń lọ jẹun nílé Clive. Èmi ni mò ń yan páì ẹran fún un kó mú dání, mò ń fi aṣọ ìnuwọ́ wé e kó má baà tutù. Mo rò pé nítorí pé Glenys kò mọ oúnjẹ sè ni. Glenys tún là á mọ́lẹ̀ fún mi lórí fóònù lálẹ́ àná, bí ẹni pé inú mi á dùn: "Páì yẹn ṣe wọ́n lóore o, Gaynor. Ìsinmi àárín eré ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́."

Ìsinmi àárín eré.

Ohùn bàbá mi á há tó bá dé láti ilé Clive. Mo rántí. Èmi tí mo mọ ọjọ́ tí Ezra kó dé Newton Heath! Ohùn rẹ̀ á há, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á pọ́n, màá ní, "Dádì, kí ló ṣe yín lọ́fun?" Á ní, "Ilé Clive yẹn, ọmọ mi, afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀ jù." Màá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi gbígbóná, màá fi oyin sí i. Ó ń mu ún, ó ń wò mí lójú. Ó ń wò mí lójú!

Ẹ wá wo bàbá. Ẹ wá wo olóòótọ́ ènìyàn. Gbogbo ẹ̀gàn tí mo fi kan Clive, Wilf Entwistle ni mo ń gàn, n kò mọ̀. Ọkùnrin tó búra lórí tábìlì tirẹ̀, tó wá ń yọ́ lọ bí ẹni yọ́ lọ sọ́dọ̀ àlè, tó ń fi páì ọmọ rẹ̀ bọ́ra níbẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ó dáa. Ó ti bá a. Kí wọ́n tẹ́ ìborùn àwọn àlejò lé e, ohun tó ṣe nìyẹn. Kí àwọn ọkùnrin ilé ọtí rẹ́rìn-ín...

Rárá.

Rárá, nítorí kò rà á bí àwọn àlejò ṣe ń rà á. Clive sọ èyí náà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń fi tipátipá fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìkùukùu ti ń bo ojú bàbá mi nígbà yẹn, wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní òun kò ní wọ pápá lọ́rùn lásán. Ọkùnrin tó ń tà á ká ìborùn náà mọ́ra, pupa ló wà lókè, bàbá mi fọwọ́ kàn án, ó ní, "Èyí dáa, ó nípọn." Ó wé e mọ́rùn. Ó gbé àyà síwájú. Báyìí ló ṣe gun àtẹ̀gùn lọ sí àárín àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú Swansea lọ́rùn.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín?" Mo bi Clive bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ kú. Ọ̀kan pariwo pé, 'Wilf, ẹ káàbọ̀ láti Wales!' Dádì rò pé wọ́n ń yọ̀ mọ́ òun ni. Ó ń juwọ́ sí wọn."

"Ìwọ náà ń wò ó? O kò lè sọ fún un?"

Ó tún wo bàtà rẹ̀. Glenys ló sọ ìyókù lálẹ́. Ó ní Clive sọ̀ kalẹ̀ padà, ó jáde nínú òjò, ó ra irú rẹ̀ kan, ó wé e mọ́ ọrùn tirẹ̀, ó wá jókòó ti bàbá. Clive. Tó mọ ohun tí ìborùn náà jẹ́. Tí kò ní ìkùukùu kankan lójú. Ó wé e mọ́rùn títí eré fi parí, láàárín àwọn tó ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má baà jẹ́ bàbá wa nìkan ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Èmi ì bá ti já a lọ́rùn rẹ̀. Ká sòótọ́. Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, n kì bá tí jẹ́ kó dé àtẹ̀gùn kejì. "Dádì, ẹ bọ́ ọ kúrò, ẹ̀sín nìyẹn!" Ojú rẹ̀ ì bá sì...

Kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi? Mo bi Clive. Mo dìde, mo na ìka sí i. Kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì kò sọ fún mi? Clive rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín. "Ìwọ? Gaynor, ta ló ń sọ nǹkan fún ọ? Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, Dádì á dì mí lápá mú. Á ní, jọ̀ọ́, má ṣe é, ó ti ṣèlérí."

Ó ti ṣèlérí.

Mo rò pé Clive ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni. Bàbá ló ṣèlérí. Òun gan-an. "Ẹsẹ̀ mi kò ní..." Kí n tò ó bó ṣe yẹ. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ìgbà wo ló sọ ọ́? Bí mo ṣe ń to gbogbo nǹkan nìyẹn. Oṣù karùn-ún. Tábìlì yìí. Bàbá mi jókòó síbi tí... kò jókòó. Kò jókòó, nítorí èmi ni mo jókòó. Ó dúró nídìí ààrò, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń retí kí omi hó. Sísọ́ọ̀sì... sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé òwú ni, tó máa ń wà nínú àpò mi. Bàbá mi kò ní sísọ́ọ̀sì. Ohùn kan ń sọ ọ́. Mo ń gbọ́ ọ báyìí, ó le, ó ń gbọ̀n fún ìbínú. Kì í ṣe ohùn ọkùnrin.

"Ẹsẹ̀ wa kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́, Dádì."

Ẹsẹ̀ wa.

Mo gé tèmi. Mo na ọwọ́ fún tiẹ̀. Ó yíjú padà pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó wo sísọ́ọ̀sì, ó wò mí. Ó ní, "Tèmi náà?"

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo gé e.

Ìborùn náà burú. N kò ní purọ́ nítorí pé wọ́n ń sin ènìyàn. Ó burú, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, òwú rẹ̀ kò dáa, ẹni tó ń tà á yẹ kó tijú. Pilling sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn àlàáfíà. Ó ti ní, "Mádáàmù, tàbí kí n ká a, kó jẹ́ pupa nìkan ló hàn?" Kò ní ká nǹkan kan. Kó tẹ́ ẹ gbalaja, pupa àti funfun. Bí àwọn ọkùnrin ẹ̀bá ọ̀nà bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi á máa juwọ́ sí wọn.

Clive ṣì ní tiẹ̀ nílé, mo mọ̀. Kò jẹ́ ju nǹkan nù. Màá ní kó wé e wá síbi ìsìnkú.

Mo ti gbé fóònù. Ó ń dún lọ́dọ̀ Pilling. Ọ̀tunla ni a ó sin bàbá mi, àmọ́ òní ni ọ̀rọ̀ parí, Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá, ọdún 2024.